Tom Ló Gbé Eré Náà Rù

Kò sí ọmọ tó ń wo kàtúùnù tí kò mọ Tom àti Jerry, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àgbà tí kò ní dá ẹjọ́ àwọn méjèèjì lójú ẹsẹ̀ bí wọ́n bá bi í. Tom, ológbò aláwọ̀ eérú, ni òǹrorò. Jerry, èkúté kékeré, ni aláìṣẹ̀. Tom gọ̀, Jerry gbọ́n. Tom ń fi agbára rẹ́ aláìlágbára jẹ, Jerry sì ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ nílé nìyẹn, òun náà ni wọ́n ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, òun náà ló kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti wọ àwọn èèyàn lára débi pé tọkọtaya tó bá ń jà lówùúrọ̀ tó ń rẹ́ lálẹ́, Tom àti Jerry ni wọ́n ń pè wọ́n, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá sì le jù nínú wọn ni wọ́n ń fi ṣe Tom.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo fíìmù 114 tí William Hanna àti Joseph Barbera ṣe fún ilé-iṣẹ́ MGM ní Amẹ́ríkà láti 1940 títí di 1958 yóò rí i pé ìdájọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Tom kì í ṣe òṣìkà, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Òun ni òṣèré tó gbé gbogbo eré náà rù. Òun ló ń ṣiṣẹ́, òun ló ń kọrin, òun ló ń fẹ́ obìnrin tí kò fẹ́ ẹ, òun ló ń jowú, òun ló ń sunkún, òun ló ń kú. Jerry kàn ń ti inú ihò yọjú wá ba nǹkan jẹ́ ni.

Ká mú ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1940 ni MGM gbé Puss Gets the Boot jáde. Ológbò náà kò tíì máa jẹ́ Tom nígbà yẹn. Jasper ni wọ́n ń pè é, ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ èkúté rárá nínú fíìmù náà. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ìwà Jasper kò dára níbẹ̀rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tẹ ìrù èkúté mọ́lẹ̀ kó lè máa sáré lójú kan, ó sì fi yíǹkì ya ihò sára ògiri kí ẹni ẹlẹ́ni lè lọ forí sọ ọ́. Àwọn tó ń pè é ní òǹrorò rí ẹ̀rí tiwọn níbẹ̀, ẹ̀rí náà sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni ìtàn náà parí sí. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé kìlọ̀ fún Jasper pé bó bá tún fọ́ nǹkan kan péré, òun á lé e jáde. Èkúté gbọ́. Láti ìgbà náà lọ, kò sá mọ́. Ó gbé ife dání, ó dúró sétí tábìlì, ó ń halẹ̀ pé òun á jù ú sílẹ̀. Ológbò tó ń lé e láìpẹ́ wá di ẹni tó ń sáré kiri, tó ń fi ọwọ́ gba àwo kó má baà fọ́, títí tó fi di òkìtì àwo mú lápá méjèèjì tí kò lè mira. Ìgbà yẹn ni èkúté gba ẹ̀yìn yọ sí i, tó ta á nípàá. Gbogbo àwo wó lulẹ̀, wọ́n sì lé ológbò síta.

Ẹ̀kọ́ ìwé kọ́ ni èèyàn nílò láti rí ohun tó wà níbẹ̀. Ológbò ní iṣẹ́ lọ́wọ́, èkúté kò ní. Ológbò ní ọ̀gá, ó ní òfin tó gbọ́dọ̀ pa mọ́, ó ní ibi tó ń sùn tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbàkígbà. Wọ́n yan fíìmù náà mọ́ àwọn tó ń du àmì-ẹ̀yẹ Oscar, nígbà tó sì di 1941, nínú The Midnight Snack, àwọn méjèèjì ti ń jẹ́ Tom àti Jerry. Orúkọ yí padà. Ipò ológbò nínú ilé kò yí padà.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn Jerry máa ń ní Tom tóbi, Jerry kéré, ọ̀rọ̀ parí. Ta ló ní bí ara bá ṣe tóbi tó ni agbára ṣe ń pọ̀ tó? Nínú ilé yẹn, obìnrin kan wà lókè Tom tó ń fi ìgbálẹ̀ nà án. Spike, ajá ọlọ́rùn kíki, wà ní àgbàlá tó ń dúró dè é. Bí ohunkóhun bá fọ́, bí oúnjẹ bá dínkù nínú fíríìjì, Tom ni wọ́n ń pè. Jerry mọ èyí bí ẹní mowó, òun ló sì ń fi ṣe ohun ìjà. Nínú Quiet Please!, tó gba Oscar ti ọdún 1945, Spike fẹ́ sùn, ó sì búra pé bí òun bá tún gbọ́ ariwo, Tom ti gbé. Kí ni Jerry ṣe? Gbogbo ohun tó lè pariwo nínú ilé ló ń wá kiri. Ó ń ju gílóòbù iná, Tom ń sáré gbà wọ́n níkọ̀ọ̀kan kó má baà jí ajá. Ẹni tó ń fi ikú dẹ́rù ba ẹlòmíràn nínú fíìmù yẹn, ológbò kọ́.

Ó yẹ kí èèyàn sọ ọ̀rọ̀ kan nípa obìnrin tó ń mú ìgbálẹ̀ yẹn. Èèyàn dúdú ni. Ohùn Lillian Randolph ni wọ́n lò fún un, a kì í sì í rí ojú rẹ̀. Àbùkù ni bí wọ́n ṣe yà á jẹ́ fún àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, sì fi ẹ̀hónú hàn lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ràn àwọn fíìmù wọ̀nyí gbọ́dọ̀ gbà pé àbàwọ́n ńlá nìyẹn lára wọn, kò sì sí àwáwí fún un.

Kí a padà sórí ẹjọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń jiyàn, kó lọ wo The Cat Concerto tó jáde ní 1947. Gbọ̀ngàn orin ńlá ni, a sì ń gbọ́ àtẹ́wọ́ èrò. Tom wọlé tòun ti kóòtù dúdú onírù gígùn, ó jókòó sídìí dùùrù, ó gbójú sókè bí ọlọ́lá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta Hungarian Rhapsody ìkejì tí Franz Liszt kọ. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kò wá èkúté kankan. Iṣẹ́ ló wá ṣe. Jerry ló sùn sínú dùùrù, àwọn òòlù kéékèèké inú rẹ̀ ló sì jí i. Ẹni tó fẹ́ gbèjà rẹ̀ á ní wọ́n dà á láàmú lójú oorun. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n dà á láàmú. Àmọ́ inú dùùrù tí wọ́n fẹ́ ta fún èrò kì í ṣe ibi tí wọ́n ń sùn, Jerry ì bá sì jáde kó wá ibòmíràn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gun orí dùùrù, ó ń ju ọwọ́ bí ẹni tó ń darí orin, ó ń fi Tom ṣe yẹ̀yẹ́. Tom fi ìka ta á dànù, orin ń lọ. Jerry pa ìdérí dùùrù dé e lọ́wọ́, ìka ológbò fẹ̀ pẹlẹbẹ. Orin ń lọ. Jerry fi tàkúté rọ́pò eyín dùùrù, ó mú Tom níka. Orin ń lọ. Ó dé ibì kan tí Tom ń fi ẹsẹ̀ ta dùùrù kó lè ráyè fi ọwọ́ wá èkúté. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò dìde lórí àga kó ní òun ò ṣe mọ́.

Ẹ wo bó ṣe parí. Jerry já òòlù inú dùùrù, òun fúnra rẹ̀ wá ń fi lù ú, ó ń mú orin náà yá sí i, ó ń mú un yá sí i, títí tí Tom fi sáré débi tí kóòtù rẹ̀ fi di àkísà, tó sì wó lulẹ̀ bí ẹni tó kú. Èrò ń pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni Jerry jáde pẹ̀lú kóòtù dúdú tirẹ̀, ó tẹríba, iná orí ìtàgé sì kúrò lára Tom, ó tàn sára èkúté. Ẹni tó ṣiṣẹ́ wà nílẹ̀. Ẹni tó ba iṣẹ́ jẹ́ ń gba ìyìn. Ohun tí àwọn òǹwòran ń ṣe fún Tom láti ọjọ́ yìí wá gan-an nìyẹn, àwọn tó ya fíìmù náà sì ti rí i ṣáájú wa.

The Million Dollar Cat, 1944, tún ju ìyẹn lọ. Wọ́n fi mílíọ̀nù dọ́là kan sílẹ̀ fún Tom gẹ́gẹ́ bí ogún. Àdéhùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: kò gbọ́dọ̀ ṣe ohun ẹlẹ́mìí kankan léṣe, títí kan eku. Tom gbà. Ó kó lọ sí ilé ọlọ́lá, ó ń gbìyànjú láti jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Jerry ka àdéhùn náà ó sì rí i pé owó ti di ẹ̀wọ̀n tó lè fi so Tom mọ́lẹ̀. Ó tẹ̀ lé e lọ sílé tuntun, ó bọ́ sínú oúnjẹ rẹ̀, ó gba ibùsùn mọ́ ọn lọ́wọ́. Tom wá gbogbo ọ̀nà láti lé e jáde láì fi ọwọ́ líle kàn án. Ìgbẹ̀yìn ló fa ìwé náà ya, tó ju mílíọ̀nù dọ́là dànù, tó sì kojú ọ̀tá. Àwọn kan wo èyí, wọ́n ní òmùgọ̀ ni. Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ẹni tí wọ́n fi owó dè lọ́wọ́ kí wọ́n lè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tó sì yan iyì ara rẹ̀ ju owó lọ, ó ṣọ̀wọ́n nínú kàtúùnù, ó sì ṣọ̀wọ́n láàárín àwa èèyàn.

Ó di ojúṣe àwọn tó ń pè é ní òmùgọ̀ láti ṣàlàyé àwọn nǹkan tó mọ̀ ọ́n ṣe. Nínú The Zoot Cat ti ọdún 1944, ọmọbìnrin ológbò kan fojú tín-ín-rín rẹ̀ nítorí pé ìmúra rẹ̀ kò bóde mu. Tom gbọ́ ìpolówó aṣọ ìgbàlódé lórí rédíò, kò sì ní owó. Ó gé àsokọ́ tí wọ́n ń sùn lé nínú ọgbà, ó fi rán kóòtù, ó ti igi ìfaṣọkọ́ bọ èjìká rẹ̀ kí èjìká lè yọ gbọ̀ọ̀rọ̀, ó sì jáde síta bí ọmọ ìgboro Harlem. Nínú Mouse Trouble, tó gba Oscar lọ́dún yẹn kan náà, ìwé ló rà tó ń kà kó lè kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Nínú Johann Mouse ti 1953, tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí Vienna nínú ilé Johann Strauss, ó ṣàkíyèsí pé Jerry kì í lè ṣe kó má jó bí Strauss bá ń ta orin waltz. Strauss rìnrìn-àjò. Tom lọ sí àjà, ó wá ìwé tó ń kọ́ni ní dùùrù, ó kọ́ ọ títí tó fi mọ̀ ọ́n ta débi pé òkìkí rẹ̀ kàn dé ààfin, ọba sì ránṣẹ́ pè é. Òótọ́ ni pé nítorí kó lè mú èkúté ló ṣe kọ́ ọ. Òótọ́ náà ni pé ó mọ̀ ọ́n.

Ta ni Jerry nínú gbogbo èyí? Jerry ni. Inú dídùn, orí pípé, ihò lẹ́sẹ̀ ògiri. Ó ní fíìmù tirẹ̀ kan tó dára gan-an, Mouse in Manhattan ti 1945, níbi tó ti lọ rí ìlú ńlá, tí ìlú ńlá sì lé e padà wálé. Lọ́dún yẹn kan náà ó bá òṣèré Gene Kelly jó nínú fíìmù Anchors Aweigh, ijó náà sì gbayì títí dòní. Èèyàn kò gbọ́dọ̀ du eku ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọba ni wọ́n fi ṣe níbẹ̀, Tom sì ni wọ́n fi ṣe ìránṣẹ́ tó ń gbé nǹkan wá fún un.

Iṣẹ́ tí Tom ṣe kò lóǹkà. Ó ta bílíáàdì, ó gbá tẹníìsì, ó ṣe darandaran ilẹ̀ Texas tó ń fi ẹnu tẹ̀ lé orin inú àwo kí ọmọbìnrin lè rò pé òun ló ń kọ ọ́. Ní Solid Serenade, 1946, ó gbé gòjé gbàǹgbà tó ga jù ú lọ wá sábẹ́ fèrèsé olólùfẹ́ rẹ̀, ó ta á, ó sì kọrin sí i. Ohùn Ira Woods ni wọ́n lò fún un níbẹ̀. Ohùn náà dùn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé ẹni tí ìfẹ́ ń pa ló ń kọrin, kì í ṣe apanirun.

Èyí tó le jù nínú wọn ni Blue Cat Blues ti ọdún 1956, ó sì yẹ kéèyàn dúró níbẹ̀. Tom jókòó lórí irin rélùwéè, orí rẹ̀ tẹ̀ kodò. Jerry ló ń sọ ìtàn ohun tó gbé e débẹ̀. Obìnrin kan ni, ológbò funfun. Tom mú òdòdó kékeré lọ fún un. Butch, ológbò olówó, mú òdòdó tó tó ẹnu ọ̀nà ilé wá. Tom ra lọ́fínńdà ìgò kékeré. Butch fi ọkọ̀ táńkà gbé tirẹ̀ dé. Tom ra òrùka tí dáyámọ́ńdì rẹ̀ kò ṣeé fojú rí àfi pẹ̀lú dígí. Ti Butch ń kọ mọ̀nà débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ bo ojú kó tó wò ó. Tom fi ara rẹ̀ jẹ gbèsè, ó tọwọ́ bọ ìwé pé òun á ṣe ẹrú fún ogún ọdún, ó fi gbogbo rẹ̀ ra mọ́tò jákujàku kan. Butch gbé mọ́tò gígùn gbọọrọ kọjá lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wàrà ni Tom ń mu bí ọ̀mùtí ṣe ń mu ọtí. Fíìmù náà kò mú kó padà rí ayọ̀. Ní òpin rẹ̀, Jerry náà rí i pé ọ̀rẹ́bìnrin tòun ti fẹ́ ẹlòmíràn, ó lọ jókòó ti Tom lórí irin, a sì gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Ohun tó wà nínú fíìmù yẹn ni gbèsè, ìtìjú, ìfẹ́ tí owó dí lójú ọ̀nà, ìbànújẹ́ tó ń gbé èèyàn dé etí ikú. Wọn kò lè fi Jerry ru ẹrù bẹ́ẹ̀. Tom nìkan ló ní èjìká tó lè gbé e.

Ó sì ń gbé e láìfọhùn. Bí a bá yọ ìgbà díẹ̀ kúrò, Tom kì í sọ̀rọ̀. Igbe rẹ̀ nígbà tí nǹkan bá dùn ún, igbe William Hanna fúnra rẹ̀ ni. Olùdarí fíìmù ló wọlé lọ kígbe fún ológbò rẹ̀. Scott Bradley ló kọ orin tó ń tẹ̀ lé ìṣísẹ̀ rẹ̀, débi pé bó bá yọ́ rìn, orin á yọ́ rìn, bó bá ṣubú, orin á ṣubú. Àwọn ayàwòrán bí Irven Spence àti Kenneth Muse ló ń fi ojú, ìpéǹpéjú àti èjìká rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ fi Tom ọdún 1940 wé Tom ọdún 1950. Ti àkọ́kọ́ ní irun jákujàku, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń rìn jù, ológbò gidi ni. Ti ìkejì ń rìn lórí ẹsẹ̀ méjì, ojú rẹ̀ lè fi ìtìjú hàn, ó lè fi ìrètí hàn, ó lè díbọ́n bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Jerry kò yí padà tó bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ohun tuntun tí wọ́n ń bi í. Gbogbo làálàá wọn, ara ológbò ni wọ́n fi sí.

Ó ku ẹ̀sùn ìwà ìkà. Fíìmù wà tí Tom ló dá ìjà sílẹ̀, wọ́n sì pọ̀. Irọ́ ni ẹni tó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀ ń pa. Ó wà nínú The Lonesome Mouse ti 1943 pé Jerry ṣe é tí wọ́n fi lé Tom jáde, ó wá rí i pé ilé dá láìsí i, ó bá a ṣe àdéhùn kó lè padà wọlé. Nígbà tí Tom padà wọlé tán, kò mú àdéhùn ṣẹ. Ó burú. Ṣùgbọ́n òṣìkà pọ́ńbélé kì í ṣe ohun tí Tom ṣe nínú The Night Before Christmas, 1941. Ó ti Jerry mọ́ òde nínú yìnyín lọ́jọ́ ọdún, ó padà sídìí iná, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ń wo fèrèsé. Ìgbẹ̀yìn ló jáde lọ, ó rí eku tó ti gan, ó gbé e wọlé, ó fi iná yá a títí tó fi là. Kò sí ẹni tó rán an. Kò sí ẹni tó rí i. Nínú Heavenly Puss ti 1949, ó kú, wọ́n sì ní kò ní wọ ọ̀run bí Jerry kò bá fọwọ́ síwèé pé òun dárí jì í. Ológbò tó tóbi yẹn kúnlẹ̀ níwájú èkúté, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó tají tó rí i pé àlá ni, ó gbá Jerry mọ́ra.

Ẹ sọ fíìmù kan tí Jerry ti bẹ Tom báyẹn.

Ìdí kan wà tí etí Yorùbá fi tètè ń gbà fún Jerry. A ti fi Ìjàpá tọ́ wa dàgbà, ẹ̀dá kékeré tó ń fi ọgbọ́n bá erin àti ẹkùn lò. Ó dá wa lójú pé inú ẹni kékeré ni ọgbọ́n wà. Àmọ́ àwọn tó sọ àlọ́ yẹn fún wa kò jẹ́ kí Ìjàpá lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó jí ẹ̀bẹ gbígbóná nílé àna rẹ̀, ó fi pamọ́ sábẹ́ fìlà, ẹ̀bẹ sì bó o lórí. Ó jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo ìyàwó rẹ̀, ikùn tirẹ̀ ló wú. Ẹni tó bá fi ọgbọ́n ṣe ibi nínú àlọ́ wa, ara rẹ̀ ló ń gbà á. Jerry kì í gba tirẹ̀. Ó ba ilé jẹ́, ó sùn wọ̀ọ̀ nínú ihò, wọ́n sì nà Tom. Ẹni tó bá ń wo Jerry pẹ̀lú ojú tó fi ń gbọ́ àlọ́ Ìjàpá ti gbàgbé ìdajì àlọ́ náà.

Àwọn kan gbìyànjú láti tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Ní 1975, Hanna àti Barbera fúnra wọn ṣe Tom àti Jerry tuntun fún tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n so táì pupa mọ́ Jerry lọ́rùn, wọ́n sọ àwọn méjèèjì di ọ̀rẹ́ tó ń rìnrìn-àjò, tó ń bára wọn ṣeré ìdárayá, nítorí pé tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kò fẹ́ ìjà nínú eré ọmọdé mọ́. Kò sí adùn níbẹ̀. Ní 1992 wọ́n tún gbé fíìmù gígùn kan jáde níbi tí wọ́n ti jẹ́ kí Tom máa sọ̀rọ̀ geere, kó máa kọrin pẹ̀lú Jerry, kí wọ́n jọ gba ọmọ kan sílẹ̀. Ìyẹn náà kò rí èrò tó bó ṣe yẹ. Nígbà tí Tom kò ní ohun tó ń wá mọ́, tí kò ní iṣẹ́ tó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò ní ẹni tó ń dá a lẹ́bi, eré náà kú. Jerry wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà, kò sì lè jí i.

Oscar méje ni eré wọn gbà nígbà ayé MGM. Ọ̀kan nínú wọn ni The Two Mouseketeers, tó jáde ní 1952. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n gbé e kalẹ̀ sí. Wọ́n fi Tom ṣọ́ oúnjẹ àsè ọba, ọ̀gá rẹ̀ sì kìlọ̀ fún un pé bí nǹkan kan bá sọnù níbẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bẹ́ orí ló máa gba ọrùn rẹ̀. Jerry àti èkúté kékeré kejì tó ń sọ Faransé wọlé wá jalè. Tom jà títí, ó sì pàdánù. Nígbà tí àwọn méjèèjì ń gbé ẹrù olè wọn lọ nígboro, tí wọ́n ń fò fún ayọ̀, wọ́n gbọ́ ìlù láti òkèèrè, wọ́n rí abẹ náà tó sọ̀ kalẹ̀. Èkúté kékeré sọ ọ̀rọ̀ àánú kan, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ.

Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni Tom dá níbẹ̀? Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ló ń ṣe. Oúnjẹ kì í ṣe tirẹ̀, kò sì jẹ nínú rẹ̀. Àwọn tó wọlé olè wá ni à ń pè ní akọni.

Ẹ tún wo àwọn fíìmù náà pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Kí wọ́n tó sọ ẹni tó jẹ̀bi, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ nígbà tí ìjà dé, àti ẹni tó lọ fa ìjà wálé.